Ọ̀nà Tí A Kò Sọ Fún Ẹnikẹ́ni

Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí n tètè kọ ìyẹn sílẹ̀ ná, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí.

Waris ni orúkọ ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ibi tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ìsàlẹ̀ Rye Lane. Òun àti Malachi ni wọ́n jọ dàgbà. Estate kan náà la jọ ń gbé ní Peckham níbí, àwa ní àjà kejì, Malachi àti ìyá rẹ̀ ní àjà kẹrin. Mùsùlùmí ni wá, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ, ìyẹn ò sì fa nǹkan kan rí. Tí ẹ bá ń wá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn, ẹ lọ wò ó nílé èkejì.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn méjèèjì kó sínú ọ̀rọ̀ sínò yìí, yìnyín funfun tó máa ń bo ilẹ̀ nígbà òtútù. Wọ́n á so pátákó pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á dúró lé e lórí, wọ́n á máa yọ́ bọ̀ láti orí òkè. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ lábẹ́ òrùlé, sínò tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ló wà níbẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n ṣubú, wọ́n tiro wálé, inú wọn ń dùn. Mo bi Waris pé ta ló ń lé e.

"Daddy, kò sẹ́ni tó ń lé mi. Ó kàn sweet ni."

Nígbà tó di ìparí oṣù kejìlá, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sí òkè gidi, ní Scotland. Mọ́tò Waris ni wọ́n fẹ́ gbé lọ, mọ́tò funfun kékeré kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣètò ẹ̀. N ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ṣètò ẹ̀ dáadáa. Orí tábìlì tí a ti ń jẹun ni wọ́n ń jókòó sí. Waris ra táyà mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ìgbà òtútù. Ó ra ṣọ́bìrì kékeré, ó ra tọ́ọ̀ṣì, ó gba bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Malachi ló ń kọ orúkọ nǹkan tí wọ́n máa jẹ.

"Aunty," ló wí fún Àsúmáù ìyàwó mi, "jollof yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ata pa wá sórí òkè."

"Ata yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ móoru," ni Àsúmáù dá a lóhùn. "Ìwọ tí o tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀."

Wọ́n wá tẹ gbogbo ètò náà sórí bébà kan. Ibi tí wọ́n á ti ra epo wà níbẹ̀, ilé tí wọ́n á sùn sí, nọ́ńbà fóònù onílé náà, ọ̀nà tí wọ́n á gbà tí ilẹ̀ bá tètè ṣú, èyí tí wọ́n á gbà tí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú. Waris ka ìlà tó gbẹ̀yìn sí mi létí. Ó ní ẹni tó bá ń lọ sírú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà tó ń gbà àti aago tó máa dé fún èèyàn bíi mélòó kan, kí wọ́n lè tètè wá a tó bá sọnù.

"Ta lo fẹ́ sọ fún?" ni mo bi í.

"Ẹ̀yin, Mummy, Mummy Malachi, àwọn boys níbi iṣẹ́. Màá tún gbé e sórí WhatsApp ti family. Gbogbo yín á máa rí ibi tí mo wà on the map."

Àyà mi já. WhatsApp ti family yẹn, èèyàn mọ́kàndínlógójì ló wà lórí ẹ̀, láti Peckham títí dé Mushin. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí n ò mọ ẹni tó mú wọn wọlé.

"Rárá," ni mo wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ lọ, ẹ bọ̀, ẹ wá sọ nígbà tí ẹ bá dé."

Kì í ṣe pé mo kàn sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ wá sí ìlú yìí, àdúgbò wa ní Mushin ló gbọ́. Wọ́n pa àgbò. Wọ́n gbé mi ya fọ́tò. Pápá ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti dá mi padà, wọ́n ní ìwé mi kò pé. Mo padà sí àdúgbò yẹn pẹ̀lú àpótí mi lórí. Odidi ọdún méjì ni wọ́n fi ń kí mi ní "ará London, ẹ kú àbọ̀". Nígbà tí mo wá tún máa lọ, ìyá mi nìkan ni mo sọ fún. Àpò ọ̀rá kan ni mo gbé jáde, bí ẹni tó ń lọ ra kẹrosíìnì. Mo sì dé. Láti ìgbà yẹn, tí èèyàn bá ní òun ń rìnrìn àjò, mo máa ń sọ fún un pé kó panu mọ́. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

Waris rẹ́rìn-ín. "Daddy, it's not that deep."

"Uncle ò kúkú parọ́," ni Malachi wí. "Tí Mummy mi bá gbọ́, Pásítọ̀ ti gbọ́ nìyẹn."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn," ni mo wí. "Wọ́n á gbé e sórí maikirofóònù. Wọ́n á ní ká gbàdúrà fún àwọn ọmọ tó ń lọ sórí òkè. Gbogbo Old Kent Road á mọ̀."

Àwọn ọmọ gbà. Wọ́n gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Malachi sọ fún ìyá rẹ̀ pé Manchester lòun ń lọ, pé ibi iṣẹ́ ló ń rán òun lọ kọ́ nǹkan fọ́jọ́ mẹ́rin. Lórí àtẹ̀gùn ló ti sọ ọ́ fún un, lójú mi. Àpò ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi. Mo kí ìyá rẹ̀, mo kọjá.

Lọ́jọ́ Alámìísì, tí ọ̀la rẹ̀ ni wọ́n máa lọ, Waris lẹ bébà yẹn mọ́ ara fíríìjì. Ó ní kó wà níbẹ̀ fún èmi àti ìyá rẹ̀. Bó ṣe lẹ̀ ẹ́ tán báyìí ni ẹnikan kan ilẹ̀kùn. Mo yọjú wo ihò ara ilẹ̀kùn. Hameedah ni, ọmọ àbúrò mi, ẹnu ọmọ yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́. Mo já bébà náà kúrò, mo rún un mọ́wọ́. Mo jẹ́ kí Hameedah wọlé, mo sọ pé mo fẹ́ lọ da ìdọ̀tí nù, mo jáde, mo sì jù ú sínú ihò tí a ń da ìdọ̀tí sí ní àjà wa. Mo gbọ́ bó ṣe ń ha ara irin lọ sísàlẹ̀.

Nígbà tí Hameedah lọ tán, Waris bi mí nípa bébà náà. Mo sọ fún un.

"Daddy. Ó wà lórí fóònù mi sha. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tá a máa gbà fún yín."

Ó sì sọ ọ́. Ó jókòó tì mí, ó fi ìka ya á sórí tábìlì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo nǹkan. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtajà ńlá kan ní Surrey Quays, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń wo tẹlifíṣọ̀n kámẹ́rà mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ yẹn, ojú mi wà lára ọmọ mi, ṣùgbọ́n etí mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń ṣe mí bíi pé Hameedah ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán, pé ó lè máa gbọ́ wa. Mo gbọ́ "ọ̀nà ńlá". Mo gbọ́ "orí òkè". Mo mi orí.

Wọ́n lọ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáhì. Ní aago méjì ọ̀sán, Waris fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé àwọn ń ra epo, pé ó ku bíi wákàtí mẹ́ta, pé jollof ti tán. Ìyẹn ni ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn.

Aago mẹ́fà ló yẹ kí wọ́n pè. Nígbà tó di aago méje, mo pè é. Obìnrin inú ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Àsúmáù wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń ṣe shift alẹ́ ní ọsibítù ní Camberwell. Mo tún pè. Mo pe Malachi. Mo jókòó sórí àga, mo sọ fún ara mi pé fóònù ti kú, pé ibi òkè ni, pé nẹ́tíwọ̀kì ò ní sí níbẹ̀. Mo fẹ́ gòkè lọ bá Mummy Malachi. Mo dìde. Mo tún jókòó. Mo ní tí mo bá sọ ọ́ jáde lẹ́nu, mo ti fi ẹnu pe aburú nìyẹn. Mo mọ̀ pé òmùgọ̀ ni. Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn náà.

Láàárọ̀ Sátidé, aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí Àsúmáù wọlé. Kò tíì bọ́ bàtà.

"Ṣé wọ́n ti dé?"

"Wọn ò tíì pè."

"Láti àná?"

"Fóònù wọn ló kú."

"Fóònù méjèèjì, Daddy Waris?"

Ó ní ká pe ọlọ́pàá. Mo ní kó jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀. Ó ní ká gòkè lọ bá Mummy Malachi. Mo ní ká má tíì dẹ́rù ba ìyá ọlọ́mọ. Báyìí ni mo ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dá a dúró, títí ó fi di aago méjìlá ọ̀sán. Ó wá já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. Ó tẹ nọ́ńbà ọlọ́pàá fúnra rẹ̀, ó sì fi fóònù náà lé mi lọ́wọ́ padà, torí èmi ni mo mọ ètò wọn.

Obìnrin ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù.

"Ọ̀nà wo ni wọ́n ní àwọn máa gbà, sir?"

"Ọ̀nà Scotland," ni mo wí.

"Scotland tóbi. Níbo ni wọ́n fẹ́ sùn?"

"N ò mọ̀."

"Ta ló mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Ó gba nọ́ńbà mọ́tò. Ó ní kí n dúró. Nígbà tó padà, ó ní kámẹ́rà ojú ọ̀nà rí mọ́tò náà kẹ́yìn lọ́jọ́ Friday, ní ìlú kan tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀nà ńlá. Èkejì gba orí òkè, wọ́n sì ti tì í láti ìrọ̀lẹ́ Friday nítorí sínò. Ó ní àwọn èèyàn àwọn ò pọ̀, ilẹ̀ sì máa ń tètè ṣú lọ́hùn-ún. Ó ní kí n rántí. Èwo ni wọ́n gbà?

 Ìka Waris ni mò ń rí lórí tábìlì. N ò rí ibi tó yà sí.

"Ẹni kejì tó wà nínú mọ́tò ńkọ́? Àwọn òbí rẹ̀ mọ̀?"

Àsúmáù ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Gòkè lọ. Ìwọ ni kó o lọ, kì í ṣe èmi."

Mummy Malachi, Olúbùnmi lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì council. Ó ń lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi tayọ̀tayọ̀.

"Daddy Waris, ẹ wọlé. Ṣé lift ti tún bàjẹ́ ni? Ẹ ń mí hẹlẹ-hẹlẹ."

"Malachi ò sí ní Manchester," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yẹn. Ilé obìnrin wo ló lọ?"

Mo sọ ọ́. Mo dúró lórí ẹní ìnusẹ̀, n ò kọjá ibẹ̀. Mo rò pé yóò kígbe, mo ti ń múra sílẹ̀ de igbe náà. Kò kígbe. Ó yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná. Ó ká okùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

 Ó mú fóònù rẹ̀. Ìmeèlì rẹ̀ ni Malachi máa ń fi gba yàrá, ó sì rántí pé òun rí ìwé kan láti ilé àlejò kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí òun rò pé ìpolówó ọjà lásán ni. Ó wá a. Ó rí i. Nọ́ńbà onílé wà níbẹ̀. Ó pè é lójú mi, ó gbé ohùn rẹ̀ síta.

Obìnrin arúgbó kan ló dáhùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọmọkùnrin náà pe òun ní aago mẹ́ta ààbọ̀ lọ́jọ́ Friday. Wọ́n ní ilẹ̀ ò tíì ṣú, àwọn máa gba orí òkè, torí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ wo àwọn òkè náà. Nígbà tí òun ò rí wọn, òun rò pé wọ́n ti yí mọ́tò padà nígbà tí wọ́n ti ọ̀nà náà pa. Ó béèrè pé ṣé kò sí nǹkan.

Gbogbo ìpè yẹn kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bó ṣe parí rẹ̀, ó pe ọlọ́pàá, ó sọ ọ̀nà náà fún wọn.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, ọlọ́pàá pè. Mọ́tò náà yọ́ sínú kòtò, sínò ti bò ó, funfun lórí funfun. Waris wà nínú rẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjèèjì lára rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Malachi ò sí níbẹ̀. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó rí i lẹ́yìn ògiri òkúta kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì kan sí mọ́tò. Òun náà ń mí. Bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sí ìbọ̀wọ́.

Reluwé ò lọ sápá ibẹ̀ nítorí sínò. Bùrọ́dà Jethro, ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó ní mọ́tò ńlá, ló gbé wa láàárọ̀ Sunday. Mummy Malachi ti pe gbogbo ayé kí a tó kúrò. Ó pe Pásítọ̀, ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó pe àbúrò rẹ̀ ní Kennington. Bí a bá ti dé ìlú kan, ó máa ń sọ fún wọn pé ibi báyìí la dé, ọ̀nà báyìí la fẹ́ gbà, aago báyìí la máa dé. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka ìwé. Kí n sọ òótọ́, gbogbo ìgbà tó bá pè ni ara mi ń fà sínú. N ò lè sọ pé kó dákẹ́.

A ti kọjá Carlisle nígbà tó pa fóònù. Èmi àti Àsúmáù wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

"Daddy Waris. Aago mélòó ni àyà yín kọ́kọ́ já?"

Àsúmáù gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí orúnkún mi. Mo lè sọ pé Sátidé. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Aago méje," ni mo wí. "Alẹ́ Friday."

Bùrọ́dà Jethro ń wo ọ̀nà. Mo gbọ́ bí ohun tó ń nu gíláàsì ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

"Dókítà ní òtútù ti pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Malachi, pé ó di bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àwọn tó mọ ibi tí wọ́n máa gé e dé," ló wí. "Àwọn ìka ọwọ́, ó dá wọn lójú. Ẹsẹ̀ ni wọn ò tíì mọ̀. Tí a bá dé, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún un. Aago méje yẹn. Èmi ò lè bá yín sọ ọ́."

"Mo gbọ́, Mummy Malachi."

Waris ń sùn nígbà tí a dé ọsibítù, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í, kò wo ojú mi. Mo tẹ̀ lé Mummy Malachi lọ sí yàrá kejì. Wọ́n ti fi báńdéèjì dì í lọ́wọ́ méjèèjì títí dé ọrùn ọwọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ nǹkan tí wọ́n gbé dúró bí àgò, kí aṣọ má baà kàn án. Ojú rẹ̀ là.

"Uncle," ló wí. "Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Mo sọ ọ́ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bébà tí mo jù nù, mo sọ ti aago méje, mo sọ ti àga tí mo jókòó sí, mo sọ ti àárọ̀ Sátidé. N kò mọ ibi tó yẹ kí n dúró sí, mo kàn ń sọ ọ́ lọ. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí.

"Waris ní ẹ ti pe ọlọ́pàá," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Gbogbo òru yẹn. Ó ń sọ fún mi pé, 'Bro, o ò mọ Daddy mi ni? Tí mo bá fi ten minutes pẹ́, ẹ̀rù á ti máa bà á. He's called them already.' A ń wo ẹ̀yìn, à ń retí iná mọ́tò wọn. Ilẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni ò wá. Ni mo bá ní kí n rìn díẹ̀, bóyá fóònù á gbà níwájú."

N kò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí.

"Àbí ẹ̀rù ò bà yín ni, Uncle?"

Kò fi bú mi. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

"Ẹ̀rù bà mí," ni mo wí.

 Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ìyá rẹ̀ sì gbé ife omi, ó fi ọwọ́ gbé orí rẹ̀ sókè kó lè mu ún.